ORÚKỌ LÓRÍ ÒKÚTA

Kà: 2 Samueli 18:18; Jakọbu 1:27

Olùfẹ́, ní òru ọjọ́ 15 oṣù kìíní, 1966, àwọn sójà tó dìtẹ̀ pa Bìrìgédíà Samuel Ademulegun, ọmọ Oǹdó, àti aya rẹ̀ nínú ilé wọn ní Kaduna. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọmọ wọn ti di òrukàn. Lónìí, títì kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Oǹdó. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní kan náà, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí ní 1970, a ń fi òdòdó rántí àwọn ọmọ ogun wa tó ṣubú.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òkúta kì í san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ. Absalomu gbé ọ̀wọ̀n kalẹ̀ kí orúkọ rẹ̀ má baà parẹ́. Ọ̀tẹ̀ rẹ̀ ni a fi ń rántí rẹ̀. Jakọbu fi ìrántí tí Ọlọ́run kà sí hàn wá: kí a bẹ opó àti òrukàn wò nínú ìpọ́njú wọn. Ǹjẹ́ opó sójà wà ní àdúgbò rẹ? Nígbà tí òdòdó bá rọ, ta ni yóò kan ilẹ̀kùn rẹ̀?

ÌGBÉSẸ̀: Bẹ opó tàbí òrukàn kan wò lọ́sẹ̀ yìí. Má lọ lọ́wọ́ òfìfo.

ÀDÚRÀ: Baba, má jẹ́ kí ìrántí mi mọ sí ẹnu nìkan, ní orúkọ Jésù. Àmín.