Obìnrin Tí Ó Fi Ìyẹ́ Adìẹ Kọ̀wé

Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Òṣogbo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, yóò kọjá ní Ìlobùú àti Ìfọ́n, ìlú méjì tí ilé wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ọmọ Ìlobùú kò níláti rìn jìnnà kí ó tó mọ̀ pé omi lè ju omi lásán lọ: odò Erinlẹ̀ wà nítòsí rẹ̀, òrìṣà sì ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ka odò náà sí. Ọmọ Ìfọ́n pẹ̀lú mọ̀ pé funfun kì í ṣe àwọ̀ kan ṣáá, nítorí pé aṣọ àlà ni ti Òrìṣà Olúfọ́n. Báyìí ni ohun tí a fi ojú rí ṣe ń sọ ohun tí ojú kò rí. Bí odò, igi àti ẹyẹ ṣe lè sọ ìtàn ìgbésí ayé obìnrin ni a ó kà nípa rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Ní ayé àtijọ́, ọ̀pọ̀ obìnrin ilẹ̀ wa kò lọ sí ilé ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìwé tiwọn. Aṣọ funfun ni tákàdá wọn, ìyẹ́ adìẹ ni kálámù, ẹ̀kọ tí a fi láfún ṣe sì ni tàdáwà. Iṣẹ́ náà ni à ń pè ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Obìnrin a fi ìyẹ́ ya àwòrán sí ara aṣọ. Nígbà tí ẹ̀kọ bá gbẹ, a ó rẹ aṣọ náà sínú ìkòkò aró tí a fi ewé ẹ̀lú àti omi eérú ṣe. A ó yọ ọ́, a ó sá a, a ó tún rẹ ẹ́, títí yóò fi dúdú tó bí a ti fẹ́. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà kì í mu aró. Nígbà tí a bá ha ẹ̀kọ kúrò, àwòrán á hàn kedere. Orúkọ àwọn àwòrán náà fi ohun tí ó wà lọ́kàn àwọn obìnrin hàn: Ẹyẹ Pé ni ọ̀kan, Olókun ni òmíràn, Ìbàdándùn sì ni ẹ̀kẹta.

Iṣẹ́ yìí wu àlejò pẹ̀lú. Susanne Wenger, ayàwòrán ará ilẹ̀ Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, gbé Ìlobùú kí ó tó fi Òṣogbo ṣe ilé. Òun náà fi ẹ̀kọ láfún ya ìtàn àwọn òrìṣà sí ara aṣọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jogún iṣẹ́ náà láti ọwọ́ ìyá ni a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀.

A bí Oyènìkẹ́ Okundaye, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Màmá Nìkẹ́, ní ọdún 1951 ní Ògìdì ní ilẹ̀ Ìjùmú, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kogí lónìí. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní kékeré. Ìyá-ńlá rẹ̀, ahunṣọ àti aláró, ni ó tọ́ ọ. Kò sí owó tí yóò fi tẹ̀ síwájú ní ilé ìwé, ṣùgbọ́n ó ti kọ́ iṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ìyá-ńlá rẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ fi í fún ọkọ tí kò wù ú, ó bá àwọn eléré ìtàgé lọ. Lẹ́yìn náà ni ó di ará Òṣogbo, ó sì di ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán ìlú náà, nínú ilé tí orogún ti pọ̀.

Nínú iṣẹ́ rẹ̀, lórí aṣọ àti nínú àwòrán tí ó fi ọ̀dà yà, odò, igi, ẹyẹ àti obìnrin kì í jìnnà sí ara wọn. Kí ni wọ́n fi jọra? Igi a máa ṣíji bo ẹni tí kò gbìn ín, a sì máa so èso tí òun kì í jẹ. Odò a máa fi orísun rẹ̀ sílẹ̀, bí ọmọbìnrin ṣe ń fi ilé baba rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí ilé ọkọ. Ibi tí ó bá sì gbà kọjá, nǹkan a hù níbẹ̀. Ẹyẹ ní tirẹ̀ ní ìyẹ́: bí ibì kan bá le fún un, a fò.

Màmá Nìkẹ́ kò fi ìmọ̀ náà pamọ́. Ní ọdún 1983, ó dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo, ó sì kọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ láìgba owó. Ní ọdún 2000, ó lọ sí ilẹ̀ Ítálì láti kọ́ àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí ó ti bọ́ sínú iṣẹ́ aṣẹ́wó níbẹ̀ ní iṣẹ́ ọwọ́, kí wọ́n lè rí ọ̀nà mìíràn jẹun. Nítorí èyí ni ìjọba Ítálì fi dá a lọ́lá ní ọdún 2006. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ.

Lónìí, ẹ̀rọ ilẹ̀ òkèèrè ń tẹ aṣọ tí ó jọ àdìrẹ, owó rẹ̀ kò sì tó ti èyí tí a fi ọwọ́ ṣe. Ẹ̀rọ lè ya ẹyẹ, ṣùgbọ́n kò mọ ìdí tí ìyá fi yà á. Bí àwọn tí ó mọ ìdí náà bá kú láìsí ẹni tí ó bi wọ́n, aṣọ yóò kù, ìwé inú rẹ̀ yóò sì pa rẹ́. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá dé ilé, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ sì bi ìyá yín àgbà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni ó wà lára aṣọ yín?"

Ìdánrawò

1. Ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.
2. Kí ni odò, igi àti ẹyẹ fi jọ ìgbésí ayé obìnrin?
3. Kọ àròkọ lórí àwòrán kan tí ó wà lára aṣọ àgbàlagbà kan nínú ilé yín, àti ìtumọ̀ tí ó sọ fún ọ.