Ọmọ Òrukàn Tó Ní HIV: Ìnáwó àti Èrè

Ẹ̀yin ará wa nínú Ìsìláàmù, bí ọmọ òrukàn inú ẹbí wa bá ní kòkòrò HIV, kí ni ìtọ́jú rẹ̀ yóò ná wa? Ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀ ní ọsibítù ìjọba. Owó ọkọ̀, oúnjẹ aṣaralóore àti ọjọ́ ọjà tí a ó pa tì ló kù.

Èrè rẹ̀ ńkọ́? Láìsí oògùn, nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ tí wọ́n bí kòkòrò náà mọ́ ni kì í pé ọdún 2. Èyí tó ń lò ó lójoojúmọ́ lè dàgbà, kó kàwé, kó sì di òbí.

Bíbá a jẹun nínú abọ́ kan náà kì í ranni. Ànábì wa (SAW) pàápàá, ọmọ òrukàn ni. Ẹbí ló tọ́ ọ. Owó ọkọ̀ á tún wọlé. Ẹ̀mí tó bá lọ kì í bọ̀.