Àpótí Ìmọ̀: Àwọn Tó Sọ Ìbàdàn Di Ìbàdàn
Ìbàdàn Mèsì Ọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé, tí àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá sọ di ibùdó ogun ní nǹkan bí ọdún 1829, kì í bi akíkanjú léèrè ilé bàbá rẹ̀ kí ó tó fi í joyè: ọmọ Ẹ̀gbá ni bàbá Ẹfúnṣetán Aníwúrà, síbẹ̀ obìnrin náà di Ìyálóde Ìbàdàn. Títí dòní, oyè Olúbàdàn kì í ṣe àjogúnbá. Láti Mọ́gàjí, olórí agbo ilé, ni a ti ń gòkè lẹ́sẹẹsẹ, ewú a sì ti gba orí kí a tó débẹ̀. Ìlú náà ṣì ń gba àlejò: ní Akóbọ̀, àdúgbò kan ní Ìbàdàn níbi tí ilé ti gba ilẹ̀ oko, àtìpó àti onílẹ̀ jọ ń gbé ni, bí owó ilẹ̀ bá ti pé.