ÀSẸ́ TÍ Ó Ń HÙ: Bí A Ṣe Lè Fọwọ́ Ara Wa Ṣe Àsẹ́ Ewéko fún Àpótí Ẹja Omi Iyọ̀



 Nínú ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí, a fẹ́ kúrò nídìí ìwé fún ìgbà díẹ̀ kí á bọ́ sídìí iṣẹ́ ọwọ́. Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ náà ni pé àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan ní àdúgbò wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sin ẹja omi iyọ̀ nínú àpótí dígí, kì í sì í pẹ́ tí ẹja náà fi ń kú. Wọn a ra òmíràn, ìyẹn náà a tún kú. Ẹni tí ó bá mú ẹ̀dá Ọlọ́hun kúrò nínú òkun, tí ó sé e mọ́ inú dígí, àmánà ni ó gbà sọ́wọ́. Ẹja náà kò lè wá oúnjẹ fúnra rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lè sá fún omi tí ó bá bàjẹ́. Àwa tí a sé e mọ́ ni ó yẹ kí á mọ ohun tí ń pa á.

KÍ NI Ó Ń PA Á?

Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ara rẹ̀ ni. Gbogbo oúnjẹ tí ẹja bá jẹ, àti èyí tí kò jẹ tí ó rì sísàlẹ̀, ni ó ń di amóníà nínú omi. Ẹ mọ òórùn rẹ̀: òun ni òórùn tí ń ta ènìyàn nímú ní ẹ̀yìn ògiri tí àwọn ènìyàn ti máa ń tọ̀ sí. Májèlé gidi ni fún ẹja, kódà bí ó bá kéré. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń gbé ara òkúta àti yanrìn inú àpótí, a máa sọ amóníà yìí di nitrite, tí òun náà jẹ́ májèlé, lẹ́yìn náà wọn a sọ ọ́ di nitrate. Nitrate kò le tó àwọn méjì ìṣáájú, ṣùgbọ́n kò lọ síbì kankan. Ojoojúmọ́ ni ó ń pọ̀ sí i. Nínú òkun, ewéko ni ó ń jẹ ẹ́. Nínú àpótí dígí wa, ta ni yóò jẹ ẹ́?

Ẹni tí ó ń sin ẹja omi dídùn lè da omi nù lọ́sẹ̀, kí ó sì pọn òmíràn. Ti omi iyọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Yálà kí á ra iyọ̀ òkun tí wọ́n ń dì wá láti òkè òkun, tí owó rẹ̀ kò kéré, tàbí kí á wọ ọkọ̀ ojú omi lọ pọn ún sínú kẹ́ẹ̀gì. Láyé àtijọ́, Bar Beach kò jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n etíkun yẹn ti di ilẹ̀ Eko Atlantic báyìí, Tarkwa Bay ni ọ̀pọ̀ wa ń lọ.

Ọ̀SÀ KÌ Í ṢE ÒKUN

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí èmi fúnra mi ni mo ṣe àṣìṣe náà. Nínú oṣù keje ọdún kan, omi àpótí mi ti dọ̀tí, owó ọkọ̀ kò sì sí lọ́wọ́. Mo ní, ṣebí omi ni ó yí wa ká ní Èkó yìí. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì méjì lọ sí Ẹ̀bútẹ̀ Ẹ̀rọ̀, mo pọn omi ọ̀sà, mo sì fi rọ́pò ìdajì omi inú àpótí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹja òkun mẹ́ta ti léfòó, edé kò sì sí èyí tí ó mira mọ́. Ẹ̀pìyà méjì tí a mú láti inú ọ̀sà nìkan ni wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ kiri bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Omi òkun ní iyọ̀ tó bí gíráàmù 35 nínú líta kan. Ọ̀sà Èkó ní tirẹ̀ a máa níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí òkun ń wọlé sí i láti ẹnu ibùdókọ̀ ojú omi wa. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti dé, tí odò Ògùn àti odò Ọ̀ṣun ń tú omi wọn dà sínú rẹ̀, iyọ̀ rẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹja òkun tí a bá jù sínú irú omi bẹ́ẹ̀ lójijì, omi a máa rọ́ wọ inú ara rẹ̀ títí yóò fi kú. Ẹ̀pìyà ọ̀sà ti mọ́ irú àyídà bẹ́ẹ̀ lára láti ìgbà tí a ti bí i. Àwọn bàbá wa kò ṣèèṣì ní orúkọ méjì fún omi méjèèjì.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ pọn omi, ẹ pọn ún ní etí òkun gan-an, nígbà tí òkun bá ń kún bọ̀, kì í ṣe nígbà tí ó bá ń fà. Kí ẹ sì ní ohun ìwọn-iyọ̀ kékeré tí ń léfòó lọ́wọ́. Bí omi náà bá dára, yóò dúró sí àárín 1.023 sí 1.026. Ẹ rántí pẹ̀lú pé bí omi àpótí bá fà nítorí ooru, iyọ̀ kò bá a lọ. Omi dídùn ni a fi ń dí àlàfo rẹ̀, kì í ṣe omi iyọ̀ mìíràn. Ẹ fi àmì sára dígí kí ẹ lè mọ ibi tí omi yẹ kí ó dé. Omi òjò tí a gbè mọ́ tónítóní dára fún un. Omi kànga Ìsàlẹ̀ Èkó kò ṣe é fi ọkàn tán, nítorí òmíràn nínú wọn níyọ̀ fúnra rẹ̀.

ẸNI TÍ Ó FI EWÉKO ṢE ÀSẸ́

Ọ̀mọ̀wé kan ní ilé ìṣẹ́ Smithsonian ní ìlú Washington, ní Amẹ́ríkà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Walter Adey, ni ó ṣàkíyèsí pé lórí àwọn òkúta abẹ́ òkun tí ìgbì ń lù, koríko omi kúkúrú kan wà tí ó ń yára hù ju bí ènìyàn ti lè rò lọ. Algae ni àwọn onímọ̀ ń pe irú ewéko yìí. Gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n: nǹkan tútù tí ń yọ̀, tí ó máa ń bo òkúta etí omi, tí ó sì máa ń gbé ọmọdé ṣubú. Adey rò ó pé bí a bá gbìn ín sórí àwọ̀n, tí a ń da omi ẹja gba orí rẹ̀, tí a sì tan iná sí i, yóò máa fi ìdọ̀tí inú omi ṣe oúnjẹ. Nígbà tí a bá gé e dànù, ìdọ̀tí náà bá a lọ. Ní ọdún 1982 ni ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀rí lórí iṣẹ́ náà. Wọ́n lò ó fún àpótí ńlá tí wọ́n ṣí ní Townsville, ní Australia, ní 1987, àti fún òkun àtọwọ́dá inú Biosphere 2 ní Arizona, níbi tí wọ́n ti ti ènìyàn mẹ́jọ mọ́lé fún ọdún méjì láti 1991. Ohun tí àwọn yẹn fi owó púpọ̀ ṣe, a lè fi ike àti páìpù ṣe kékeré rẹ̀ nílé.

BÍ A Ó ṢE ṢE É

Ẹ jẹ́ kí á mú àpótí tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 90, tí ó fẹ̀ ní 35, tí ó sì ga ní 35. Bí a bá yọ ti òkúta àti yanrìn kúrò, omi rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí líta 100.

Àwọ̀n ni ìyá iṣẹ́. Ẹ̀yin arábìnrin tí ẹ ti ṣe iṣẹ́ ọnà òwú nílé ìwé mọ ike pẹlẹbẹ oníhò tí a ń gán òwú sí. Òun gan-an ni. Ẹ gé e kí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15, kí ó sì gùn sísàlẹ̀ ní 12, kí ẹ fi bíi méjì kún gígùn rẹ̀ fún apá tí yóò wọ inú páìpù. Ẹ fi ẹnu ayùn ha á níhà méjèèjì títí yóò fi ṣe págunpàgun bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ẹ má ṣe fi ojú kékeré wo híha yìí. Ewéko kò lè di ike tí ń dán mú, omi ni yóò máa ṣí i lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú páìpù ike tí inú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà méjì, ẹ dí ẹnu rẹ̀ kan, kí ẹ sì la ìhà rẹ̀ ní ìlà tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 15, tí ó fẹ̀ ní mìlímítà 3. Ẹ ki etí àwọ̀n bọ inú ìlà náà, kí ẹ fi okùn ike so ó. Omi tí ó bá ń bọ̀ láti inú pọ́ǹpù yóò máa ṣàn jáde níbẹ̀, yóò sì máa bo àwọ̀n níwájú àti lẹ́yìn bí aṣọ.

Gbogbo rẹ̀ yóò wà nínú ọpọ́n ike kan tí a gbé ka orí àpótí ẹja. Ihò ìsàlẹ̀ ọpọ́n náà ni omi yóò gbà padà sọ́dọ̀ ẹja, ihò yìí sì gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju páìpù tí ó ń gbé omi bọ̀ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi yóò kún ọpọ́n, yóò sì ya sílẹ̀ yàrá. Àǹfààní gbígbé e sókè ni pé bí iná bá lọ, omi kàn máa padà sísàlẹ̀ ni, kò ní dà sílẹ̀. Ẹ má fi irin tàbí bàbà kankan sínú iṣẹ́ yìí. Irin yóò dógùn-ún, bàbà sì ń pa edé àti akàn.

Pọ́ǹpù wa gbọ́dọ̀ lè da nǹkan bí líta 800 ní wákàtí kan sórí àwọ̀n tí ó fẹ̀ báyìí. Ẹ má gbára lé ohun tí a kọ sára páálí rẹ̀, nítorí bí omi bá ti ń gun òkè ni agbára rẹ̀ ń dín kù. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì onílíta 10 sí ibi tí páìpù náà yóò wà, kí ẹ sì wo aago. Bí ó bá kún ní ìṣẹ́jú àáyá 45, ó tó.

ÌMỌ́LẸ̀ ÀTI ÌGÉ

Gúlóòbù LED méjì, ọ̀kan ní iwájú àwọ̀n, ọ̀kan ní ẹ̀yìn, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí i. Ẹ yan èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí ti àtùpà, kì í ṣe funfun balau. Wákàtí 18 ni kí ó máa tàn lójúmọ́, kí ó sì kú fún 6. Ọ̀nà tí ó rọrùn láti rántí rẹ̀ ni pé kí ẹ tàn án bí ẹ bá ti dìde fún ìrun Àsùbá, kí ẹ sì pa á nígbà tí ẹ bá ń lọ sùn ní aago mọ́kànlá alẹ́. Ẹ jẹ́ kí wáyà kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀ kí ó tó gòkè lọ sí sókẹ́ẹ̀tì, kí omi tí ó bá ń tò lára rẹ̀ lè kán sílẹ̀ dípò kí ó wọ inú iná. Omi iyọ̀ àti iná mànàmáná kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ẹ yọ pọ́ọ̀gì kí ẹ tó ti ọwọ́ bọ omi.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ lè má rí ju ẹrẹ̀ pupa rúsúrúsú lọ. Ẹ nù ún kúrò díẹ̀, kí ẹ sì ṣe sùúrù. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, ewéko tútù bí irun yóò yọ. Ẹni tí ó bá lọ sí Tarkwa Bay lè ha ewéko díẹ̀ lára àwọn òkúta ìdènà ìgbì tí ó wà níbẹ̀, kí ó fi pa àwọ̀n rẹ̀ lára. Èyí máa ń mú un yá. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá dúdú tí ó sì ń yọ̀, ìdọ̀tí omi ti pọ̀ ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Bí ó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ìmọ́lẹ̀ ni ó pọ̀ jù.

Ní ọjọ́ 7 sí 14 síra wọn, ẹ yọ àwọ̀n náà, ẹ fi káàdì ike ha ewéko orí rẹ̀ kúrò, ẹ fi omi dídùn ṣan án, kí ẹ sì dá a padà. Ẹ má ha á mọ́ pátápátá, ẹ fi gbòǹgbò sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ya ọ̀lẹ tí kò gé e, òkè yóò ṣíji bo ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ yóò rà, yóò já, gbogbo ìdọ̀tí tí ó ti jẹ ni yóò sì pọ̀ padà sínú omi. Ìyá àgbà kan ní agboolé wa wo èyí tí mo gé, ó ní ìgbà wo ni a ó sè é. Ẹ̀pìyà ni mo fún, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán.

Ọ̀pọ̀ ń béèrè pé líta mélòó ni àwọ̀n kan lè fọ̀. Ní tèmi, ìbéèrè náà kò tọ̀nà. Oúnjẹ ni ká wò, kì í ṣe líta. Àwọ̀n tí mo júwe yìí tó fún ẹja kéékèèké mẹ́rin tàbí márùn-ún tí a ń fún ní ìwọ̀nba lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Bí gbogbo ọmọ ilé bá ń ju búrẹ́dì sí i bí wọ́n ti ń kọjá, kò sí àsẹ́ tí yóò lè gbà wọ́n là.

BÍ INÁ BÁ LỌ Ń KỌ́?

Yóò lọ. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kó ẹja sí i kí ó tó ronú lórí èyí. Ewu méjì ni: àwọ̀n yóò gbẹ, ẹja yóò sì wá afẹ́fẹ́ tì, nítorí omi gbígbóná bí ti Èkó kì í gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ dúró. Bí agbára bá wà, pọ́ǹpù kékeré tí ń lo bátìrì onífóòtì 12 àti páńẹ́ẹ̀lì oòrùn kan dára ju jẹnẹrétọ̀ lọ, pàápàá láti ìgbà tí owó epo ti gòkè ní 2023. Bí kò bá sí, ife ni. Ẹ máa bu omi àpótí, kí ẹ máa dà á sórí àwọ̀n láti òkè díẹ̀díẹ̀. Yóò mú àwọ̀n tutù, yóò sì mú afẹ́fẹ́ wọ omi. Nílé wa, a pín in fún àwọn ọmọ, olúkúlùkù ní ìdajì wákàtí tirẹ̀. Ẹ má sì fún ẹja lóúnjẹ títí iná yóò fi dé.

Ẹ má tíì yọ àsẹ́ mìíràn tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ kúrò títí àwọ̀n yín yóò fi tutù dáadáa. Ẹni tí ó bá ti ṣe tirẹ̀, kí ó mú àwọ̀n náà wá sí ìpàdé wa nínú ọ̀rá tí ó lómi díẹ̀, kí á jọ wo àwọ̀ rẹ̀.