Ta Ni Yóò Gbà Wá Síṣẹ́? Ọ̀rọ̀ Lórí "Iṣẹ́" Nínú Ìròyìn Ìdókòwò Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo wọ ọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Rédíò ń sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ náà. Wọ́n ní ìjọba ìpínlẹ̀ ń bá àwọn olùdókòwò sọ̀rọ̀, àti pé ìjọba yóò pèsè iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́. Ìyá kan tó gbé agbọ̀n lé itan pariwo pé, "Ẹ jọ̀ọ́, dẹ́rẹ́bà, ibo ni wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù ọ̀hún? Ọmọ mi ti parí HND láti ọdún mẹ́ta, ilé ló wà." Awakọ̀ rẹ́rìn-ín. "Màmá, fọ́ọ̀mù wo? Oníléeṣẹ́ ni wọ́n ń wá, kì í ṣe òṣìṣẹ́." Ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan gbè sẹ́yìn màmá, àwọn kan gbè sẹ́yìn awakọ̀. Èmi yọ ìwé jọ́tà mi, nítorí gbólóhùn pọ́nna tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì ló dúró síwájú mi yìí.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí rédíò sọ, ká fi méjì mìíràn tì í:

(1) Ìjọba yóò pèsè iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́.
(2) Ìjọba yóò gba àwọn ọ̀dọ́ síṣẹ́.
(3) Ìjọba yóò wá àwọn tí yóò gba àwọn ọ̀dọ́ síṣẹ́.

Nínú (2), ìjọba ni olùwà, òun náà ni yóò sì san owó oṣù. Nínú (3), ẹlòmíràn ni ọ̀gá. Alárinà ni ìjọba. Ṣùgbọ́n (1) gba ìtumọ̀ méjèèjì. Ẹni tó bá pèsè oúnjẹ lè jẹ́ ẹni tó sè é, ó sì lè jẹ́ ẹni tó kàn bẹ olóúnjẹ pé kó wá. Màmá gbọ́ (2), awakọ̀ gbọ́ (3), (1) ni rédíò sì sọ. Kò sí ẹni tó ṣì í gbọ́ nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ "iléeṣẹ́" tún dá kún un. Iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ jẹ́ ti ìjọba, iléeṣẹ́ tó ń ṣe mílíìkì jẹ́ ti aládàáni, orúkọ kan náà là ń pe méjèèjì. Bí wọ́n bá ní iléeṣẹ́ tuntun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Fáṣọlá, báwo ni màmá yóò ṣe mọ èyí tó jẹ́?

Èmi ò tilẹ̀ bá màmá wí, nítorí ìtàn wà lẹ́yìn etí tó fi gbọ́ ọ. Ní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ náà fi ń parí ìwé tí wọn ò ríṣẹ́. Akin Dẹkọ, mínísítà ọ̀rọ̀ ọ̀gbìn, ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ísírẹ́lì, bí wọ́n ṣe dá ibùdó àgbẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Farm Settlement títí dòní. Ọ̀kan wà ní Ìlọrà lẹ́bàá Ọ̀yọ́, ọ̀kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìjọba ló wá ilẹ̀, òun ló kọ́lé, òun ló kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́. Ó sún mọ́ gbólóhùn (2)!

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ ńkọ́? Ìjọba ìpínlẹ̀ dá yunifásítì tí a mọ̀ sí LAUTECH sílẹ̀ ní 1990. Nígbà tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa fún ìgbà pípẹ́ ní 2016 sí 2017, kì í ṣe olùkọ́ nìkan ló fara gbá a. Onílé tó ń gba owó yàrá, olóúnjẹ, ọlọ́kadà, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n lára. Ní 2020 ni Ọ̀ṣun yọwọ́, tó wá ku Ọ̀yọ́ nìkan. Ọmọ ìlú tó bá ti rí irú èyí, bó bá gbọ́ "iṣẹ́", ìjọba ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lónìí, gbólóhùn (3) ni. Ní Fáṣọlá, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ìsẹ́yìn, ìjọba Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ oko ẹran àtijọ́ ti ìjọba di ibùdó iṣẹ́ ọ̀gbìn, kí àwọn aládàáni lè wá fi owó wọn dáko níbẹ̀. Wọ́n ṣe ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ìsẹ́yìn, wọ́n sì tún ṣe ti Ìsẹ́yìn sí Ògbómọ̀ṣọ́, tó lé ní kìlómítà 70. Àjọ OYSADA ló ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn, OYSIPA ló ń bá àwọn olùdókòwò sọ̀rọ̀. Àwọn ìyá ọlọ́jà wa mọ ìdí ọ̀rọ̀ "olùdókòwò" dáadáa: owó okòwò ni wọ́n ń pe owó tí wọ́n fi ń ra ọjà. Ẹni tó bá da owó okòwò sílẹ̀, èrè ló ń wá.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ wàrà. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí FrieslandCampina WAMCO, àwọn tó ń ṣe mílíìkì Peak, ti ń ra wàrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní agbègbè Fáṣọlá àti Ìsẹ́yìn. Lítà ni wọ́n fi ń ka owó fún ẹni tó gbé wàrà wá. Kò ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó lè sọ pé kò ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ kò sí nínú (2) rárá.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni "agbaṣẹ́ṣe" àti "alágbàṣe". Inú "gba" àti "ṣe" kan náà ni wọ́n ti jáde: a- + gba + iṣẹ́ + ṣe fún wa ní àkọ́kọ́, àgbàṣe tí a fi oní- síwájú rẹ̀ fún wa ní èkejì. Ṣùgbọ́n agbaṣẹ́ṣe ni kọngílá tó gba ọ̀nà ṣe, alágbàṣe ni ẹni tó ń roko olóko tó ń gbowó ojúmọ́. Bí ibùdó tuntun bá dé, àwọn méjèèjì ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí nǹkan ṣe. Iṣẹ́ oṣù tí màmá ń wá fún ọmọ rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó dé, kì í sì í pọ̀, nítorí katakata ń ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. (Ẹ má gbàgbé pé ẹni tó "gbaṣẹ́" ń yọ̀, ẹni tí wọ́n "gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀" ń sunkún.)

Kì í ṣe gírámà lásán ni mo ń wí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin san owó fọ́ọ̀mù fún ẹnì kan ní àdúgbò wa, lẹ́yìn tó gbọ́ irú ìròyìn yìí. Kò sí fọ́ọ̀mù kankan níbì kankan. Gbólóhùn (1) ni rédíò sọ. (2) ni ẹ̀gbọ́n mi gbọ́. Onígbàjúẹ̀ náà kàn tẹ ìwé tó bá (2) mu ni. Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà wa tẹ́ ẹ ti jáde ní ẹ̀ka yìí, tẹ́ ẹ ń túmọ̀ ìròyìn, tẹ́ ẹ sì ń kà á, mo bẹ̀ yín, bí wọ́n bá gbé "jobs" fún yín, ẹ béèrè ẹni tí yóò san owó rẹ̀, kẹ́ ẹ fi onítọ̀hún ṣe olùwà gbólóhùn yín. Ó lè gùn díẹ̀ sí i. Kó gùn.

Kí n tó sọ̀ ní Tákìé, màmá yíjú sí mi. "Ìwọ ọmọ yìí tó ń kọ̀wé, ṣé wọ́n máa gbà á ni àbí wọn ò ní gbà á?" Mo ní kó jẹ́ kí ọmọ náà kọ lẹ́tà, kó mú un lọ bá àwọn iléeṣẹ́ tó wà ní Fáṣọlá fúnra wọn.

"Wọ́n á gbowó fọ́ọ̀mù?"

"Rárá o, màmá. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀, kó máa bọ̀ nílé."