Kí Ẹ Tó Sanwó Fóònù, Ẹ Yẹ Bátìrì Wò

Ẹ̀yin ará wa ní Rantya, ní Jos, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó kówó lé fóònù tòkunbọ̀ ní ọjà Terminus, ẹ fara balẹ̀. Fóònù lè mọ́ fínnífínní lóde, kí ọjọ́ rẹ̀ sì ti ń lọ sópin nínú.

Bátìrì ló sábà máa ń kọ́kọ́ gbó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí a bá ti gba iná sí i láti òfo dé ẹ̀kún tó bí ìgbà 500, agbára rẹ̀ á ti wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 80 nínú 100. Láyé Nokia àtijọ́, fúnra wa là ń ṣí ẹ̀yìn fóònù, tí a ń fi bátìrì tuntun sí i. Ní báyìí, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ pa. Lójú tèmi, ìrẹ́jẹ gbáà ni.

Ní December 2017, Apple jẹ́wọ́ pé àwọn ń dín eré iPhone tí bátìrì rẹ̀ ti gbó kù, wọ́n ní kó má baà máa kú lójijì ni. Ẹni tí wọn kò sọ fún á ti lọ ra òmíràn, nígbà tó jẹ́ pé bátìrì nìkan ló yẹ kó pààrọ̀. Ní 2020, ilẹ̀ Faransé bu ìtanràn mílíọ̀nù 25 yúrò lé wọn lórí ọ̀rọ̀ náà.

Òtútù náà lè mú kí bátìrì tó ti gbó kú lójijì. Nítorí náà, lásìkò ọyẹ́, bí fóònù yín bá kú nínú òtútù Jos, ẹ jẹ́ kó móoru ná. Bó bá sọjí, bátìrì ni kí ẹ fura sí.

Lọ́dọ̀ ontajà, ẹ gbé fóònù lé orí tábìlì tó tẹ́jú, kí ẹ fi ìka yí i. Bó bá ń pòòyì, tàbí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí, ó ṣeé ṣe kí bátìrì ti wú. Ẹ má rà á. Bó bá jẹ́ tiyín ló wú, ẹ má gba iná sí i mọ́, ẹ má gún un, ẹ má sì jù ú sínú ààtàn tí wọ́n ń dáná sun.

Ẹ tún wo nọ́ńbà Android rẹ̀ nínú Settings. Láti January 2025 ni WhatsApp ti kọ Android 4.4 sílẹ̀, ní May ọdún náà, ó kan iPhone 6.

Ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgba rìsíìtì. Òfin ààbò oníbàárà ti 2018 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjà tó ṣeé lò pẹ́ dé ìwọ̀n tó bójú mu, àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo oníbàárà sì ni ẹ lè fẹjọ́ sùn.