Àbẹ̀kẹ́, Jókòó Kí N Bá Ọ Wí

Àbẹ̀kẹ́ mi, fi abọ́ yẹn sílẹ̀ ná, wá jókòó tì mí. N kò bínú o. Bí n kò bá fẹ́ràn rẹ ni, ǹ bá jẹ àmàlà rẹ tán, kí n panu mọ́, kí n sì máa lọ sílé mi.

Ọmọkùnrin rẹ na ẹsẹ̀ sórí àga nígbà tí mo wọlé lánàá. Ó ní, "Ẹ káàsán mà," ojú rẹ̀ ò kúrò lára tẹlifíṣàn, kò dọ̀bálẹ̀, kò sì gba ẹrù lọ́wọ́ mi. O ní kí n má dá a lóhùn, pé ọmọdé ni. Ọmọdé wo?

Ṣùgbọ́n ìdọ̀bálẹ̀ kọ́ ló dùn mí jù. Nírọ̀lẹ́, ìyá ọkọ rẹ pè. O na fóònù sí ọmọ yìí, o ní kó sọ pé o wà ní bálùwẹ̀. Ó sọ ọ́, ó sì ṣẹ́jú sí ọ. Háà, Àbẹ̀kẹ́! Ọmọ tí o rán ní irọ́ sí ìyá bàbá rẹ̀, ta ni o fẹ́ kó bọ̀wọ̀ fún? Bẹ́ẹ̀ ó mọ òfin karùn-ún, "Bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá rẹ," sórí, wọ́n kọ́ ọ nílé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi.

Àtipásítọ̀, àtitíṣà, ta ni ẹ kì í bú lójú àwọn ọmọ nínú ilé yìí? Kí o tó tú gèlè lọ́jọ́ Ìsinmi, o ti ń sín pásítọ̀ jẹ. N kò ní kí o gba ìwà burúkú o. Bí tíṣà bá ṣe àṣejù, lọ bá a, ẹ sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀.

Ṣé o rántí Élì àlùfáà? Àwọn ọmọ rẹ̀, Hófínì àti Fíníhásì, ń fi tipá gba ẹran ẹbọ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Élì bá wọn wí o! Ó sọ̀rọ̀ gan-an. Kò kàn dá wọn lẹ́kun ni, ohun tí Ọlọ́run sì kà sí i lọ́rùn nìyẹn. Ìwọ náà, "màá nà ọ́ o" láti àárọ̀ dalẹ́. Ọmọ ti mọ̀ pé ariwo lásán ni.

Kí olówó orí rẹ náà gbọ́ tirẹ̀. Éfésù orí 6 ní kí ọmọ gbọ́ràn, àmọ́ ní ẹsẹ 4, ó kọjú sí àwọn bàbá pé kí wọ́n má ṣe mú ọmọ bínú. Ẹni tó ń pe ọmọ ní olódo níwájú àlejò, ẹ̀rù ló ń kọ́ ọ, kì í ṣe ọ̀wọ̀.

Bí o bá fẹ́ mọ bí ọ̀wọ̀ ṣe ń rí, wo Àjàyí Crowther. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821. Ó kàwé, ó di àlùfáà. Nígbà tó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846, tí ìyá kò mọ̀wé, tí kò sì tíì gba Jésù, ṣé ó tijú rẹ̀? Wọ́n dì mọ́ra, ẹnu wọn ò gba ọ̀rọ̀. Ní 1848, ìyá yẹn wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi fún níbẹ̀. Ohun tí obìnrin yẹn gbìn sínú ọmọ rẹ̀ nígbà kékeré, òkun ò gbé e lọ.

Ó yá, pe ọmọ rẹ kó wá jókòó síbí, kí o wá pe ìyá ọkọ rẹ. Kúnlẹ̀ kí wọn bí ẹni pé wọ́n wà níwájú rẹ. Sọ fún wọn pé o kò sí ní bálùwẹ̀ lánàá, kí o tọrọ àforíjì, kí ọmọ yẹn fi etí ara rẹ̀ gbọ́.